Bọ́ọ̀sì Kì í Gun Òkè Alfama

Òkè méje ni wọ́n máa ń kà fún Lisbon, olú-ìlú Pọtogí. Abájọ tí àwọn àlejò fi fẹ́ràn bọ́ọ̀sì alájà méjì tí a ń wọ̀, tí a sì ń bọ́ọ́lẹ̀ níbi tó bá wù wá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó di odindi ọjọ́ kan tàbí méjì. Orúnkún sinmi, ẹ̀mí balẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìyẹn o. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ìtàn ló ń sọ síni létí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn náà wò bí a ṣe ń yẹ ìwé wò.

Kí ló ń yan ọ̀nà fún un? Fífẹ̀ títì ni. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1755, tí ìsàlẹ̀ ìlú wó, Marquês de Pombal tún un kọ́, ó la títì tó gún. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti ń rìn fàlàlà. Ó tún ń gba etí odò lọ sí Belém, níbi tí ère ńlá àwọn atukọ̀ wà, èyí tí ìjọba Salazar kọ́ ní 1960. Ọba àti atukọ̀ ni gbogbo ohun tí ojú ń rí níbẹ̀.

Alfama ńkọ́, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ wá láti èdè Lárúbáwá? Ìmìtìtì ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wó o, ọ̀nà rẹ̀ ṣì há, àtẹ̀gùn ló pọ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá ò lè wọ̀ ọ́. Títì kan sì wà lápá ibòmíràn tó ń jẹ́ Poço dos Negros, ìyẹn Kànga Àwọn Dúdú. Ní 1515, Ọba Manuel pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọn yóò máa ju òkú àwọn ẹrú sí.

Ìtàn kan náà ni ère yẹn àti kòtò yìí. Àwa tí àwọn Potogí sọ Èkó wa di Lagos, kò yẹ ká gbọ́ ìdajì ká ní a ti gbọ́ tán.

Nítorí náà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi mọ bí ìlú ṣe tò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, torí òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó wọ tíráàmù 28. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń gun òkè.