Ẹ̀kọ́ Márùn-ún ní Mọdákẹ́kẹ́: Iṣẹ́-Ìwádìí Ifẹ̀ Kọjá Ọ̀rọ̀ Èdè

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí yóò lò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Àlàyé tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ṣe ni pé àwọn agbègbè tí ó lo ìlànà náà jù ni ìfìdírẹmi ti pọ̀ jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e kò kọjá ìbéèrè kan ṣoṣo: èdè wo? Àwọn tí ó ń gbèjà èdè abínibí a sì máa fi Iṣẹ́-Ìwádìí Ifẹ̀ jẹ́rìí, bí ẹni pé èdè nìkan ni iṣẹ́ náà dá lé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Odindi ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n tún mọ ní Ifẹ̀. Èdè jẹ́ ọ̀kan nínú amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’, Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọwọ́ Ford Foundation. Yorùbá ni kíláàsì àdánwò fi kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Kíláàsì àfiwé yà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Àbájáde rẹ̀ ti di mímọ̀: àwọn ọmọ kíláàsì àdánwò ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé wọ́n kọ́kọ́ jókòó ṣètò ohun tí ọmọ yóò kọ́, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún un: Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ àti àṣà, àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé ẹ̀kọ́ márùn-ún yìí kárí ọmọ? Òṣùwọ̀n tí ó tọ́ jù láti fi wọ̀n wọ́n ni ti Fáfúnwá fúnra rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní ọdún 1974, ó ka góńgó méje fún ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Áfíríkà: ara líle, ìwà, ọ̀wọ̀ fún àgbà àti aláṣẹ, làákàyè, iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ iṣẹ́ òótọ́, kíkópa nínú ọ̀ràn ẹbí àti àwùjọ, àti àṣà. Ìwà, ọ̀wọ̀, ẹbí àti àṣà rí ilé sí inú ẹ̀kọ́ àwùjọ. Làákàyè ní ilé mẹ́rin. Ara àti ọwọ́ ni kò ní ilé tiwọn. Wọ́n lè gba ẹ̀yìnkùlé ẹ̀kọ́ mìíràn wọlé, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní orúkọ nínú ètò ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ di ohun tí olùkọ́ fi ń dí àlàfo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Àdánù náà kì í ṣe ti iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ẹ wo aró. Aláró a kó ewé ẹlú sínú omi eérú tí ó ti sẹ́, a dúró fún ọjọ́ mélòó kan, òórùn àti àwọ̀ ni yóò sì sọ fún un bí aró ti pé. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ìkòkò a máa ní àwọ̀ ewéko díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di aró. Kí ni afẹ́fẹ́ ṣe sí i? Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì nìyẹn, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì lè bi í kí ó tó mọ orúkọ kẹ́míkà kankan. Iye eérú sí iye omi jẹ́ ìṣirò. Ìtàn àdìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo jẹ́ ẹ̀kọ́ àwùjọ. Orúkọ àwọn ọnà ara àdìrẹ jẹ́ ẹ̀kọ́ èdè. Ọwọ́ ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá yọ ọwọ́ kúrò, ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni yóò kù, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀. Bákan náà ni márùndínláàádọ́ta rí: àádọ́ta ni a yọ márùn-ún nínú rẹ̀, ọgọ́ta ni a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀ kí ó tó di àádọ́ta, ọgọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Níbi tí olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ Yorùbá bá ti ń dúró de ara wọn, kò sí ẹni tí yóò fi èyí han ọmọ.

Àléébù yìí kò sọ àwọn ará Ifẹ̀ di ẹni ẹ̀bi. Wọ́n ṣe ju ohun tí àwọn aṣèlànà ọdún 2022 ṣe lọ, àwọn tí ó pàṣẹ èdè láìkọ́kọ́ pèsè ìwé àti olùkọ́. Wọ́n sì ṣe ju ti ọdún 2025 lọ, nítorí pé ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ibi tí a ti lè bá wọn wí gan-an wà níbòmíràn. Ìwé tí Fáfúnwá, Macauley àti Sókóyà fi ròyìn iṣẹ́ náà jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1989, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì karùn-ún lónìí yóò kọ́kọ́ túmọ̀ ìtàn àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ ná.