Irin Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Nǹkan Kan

Ní ọjà Singer, ní Sabon Gari Kánò, ariwo tírélà ló ń jí wa. Àwọn tó ń já ṣúgà àti ìrẹsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn wọn ni àwa tí à ń tún ohun tí ẹrù bà jẹ́ ṣe. Mai Walda, ẹni tó ń jó irin pọ̀, ni àwọn Hausa ń pè mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Bàbá mi àgbà ló bá rélùwéè wá sí ìlú yìí. Mo ń jó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ń jó bọ́dì tírélà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, òrùka pùròpẹ́là ni.

Pùròpẹ́là ni ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò. Bí ẹ bá wà lórí jíà tí ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì jọ ń yí bákan náà, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá náà ń yí nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí krọ́ọ̀sì ẹ̀yìn, oríkèé tó so ọ̀pá mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, bá já, á máa na ilẹ̀ mọ́tò lẹ́gba ni. Bí ti iwájú bá já, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: orí ọ̀pá á wọlẹ̀, bó bá sì kọ́ kòtò, á gbé mọ́tò sókè bí ẹni tó fi ọ̀pá fò kọjá odò. Òrùka tí mò ń sọ yìí ló ń gbá orí náà mú kó má baà kan títì.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n wọ́ Benz 911 kan wá láti ojú ọ̀nà Zaria. Pùròpẹ́là rẹ̀ já, ó sì gé páìpù bíréèkì, ni awakọ̀ bá wa mọ́tò wọ inú òkìtì yanrìn kó tó lè dúró. Wáyà ni ẹnì kan fi so ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, kò sọ nǹkan kan, ó lọ ń gé irin. Èmi ni mo di iná mú fún un títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwa tí a dàgbà sórí Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìbẹ̀rù yìí. Inú páìpù líle ni àwọn Faransé fi pùròpẹ́là rẹ̀ sí. Bó já, inú ilé rẹ̀ ló ti já. Mo ṣì gbà pé ẹni tó ya mọ́tò yẹn lórí bébà gbọ́n.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé BMW 330i wá. Ẹṣin 231 ni wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní láti ilé iṣẹ́, òun sì ti fi kún un. Pápá tí wọ́n ti ń sáré, tí wọ́n sì ń fi ìdí mọ́tò gbá ilẹ̀, ló ń gbé e lọ. "Baba, mo fẹ́ òrùka." Inú mi dùn. Òfin NHRA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi mọ́tò sáré tààrà ní Amẹ́ríkà láti 1951, ló ti rí i: bí mọ́tò bá fi táyà pípá sá ìdámẹ́rin máìlì ní ìṣẹ́jú àáyá 13.99 tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀, òrùka di dandan. Kó yí ọ̀pá ká pátápátá, kí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ nípọn tó ìdámẹ́rin ínṣì, kó fẹ̀ tó ínṣì 2, kó má sì jìnnà sí krọ́ọ̀sì iwájú ju ínṣì 6 lọ. Wọn ò ṣe àṣejù. Ní 1970, gíábọ́ọ̀sì Don Garlits, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi mọ́tò sáré bẹ́ẹ̀, fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí pápá ní Kalifóníà, ó gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì gé mọ́tò náà sí méjì. Lọ́dún kejì, ó gbé ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Mo wọ abẹ́ BMW náà. Rọ́bà tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ọ̀pá ti ń sán. Mo ní kó lọ ra tuntun wá kí n tó fọwọ́ kan irin. Ó rojú. Mo ní òrùka kì í ṣe oògùn rọ́bà tó ti gbó. Ní jíà kìn-ín-ní, ipá tó ń yí ọ̀pá yẹn ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹ́ńjìnnì lọ.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi ni àlàfo. Irin yìí kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan, kò sì gbọdọ̀ jìnnà. Lábẹ́ tírélà, ásùlù ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ẹrù, nítorí náà mo máa ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ọkọ̀ kún, n ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá já ẹrù tán. Ṣùgbọ́n ara bọ́dì ni dífù BMW dúró sí, ọ̀pá kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Ìka mi kan péré ni mo fi sílẹ̀ yípo. Sàlẹ́ńsà gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, ìyẹn ló jẹ wá lọ́jọ́ kan gbáko: a tú u, a tú páànù tó ń dá ooru dúró, a tẹ irin, a gbé e wò, a tún un tẹ̀.

N kò jó o mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Páànù ilẹ̀ yẹn fẹ́lẹ́. Á ya bí aṣọ. Mo fi irin pẹlẹbẹ há a lókè nísàlẹ̀, mo sì fi bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí dè é. Orí tábìlì ni mo ti jó òrùka fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń jó o lábẹ́ mọ́tò, wọ́n á so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ibi tó bá ṣáà wù wọ́n, iná á gba inú bíárìn kọjá, á jẹ ẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, bíárìn á máa ké, wọ́n á ní ayédèrú ni.

Nígbà tí mo dárúkọ owó, ọmọ náà bi mí pé kí ni irin yìí ń ṣe gan-an. Mo ní kì í ṣe nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó san án.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé tiyín bọ̀ wá sí Singer, ẹ má kún táńkì, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò kúrò kí ẹ tó dé, bí ẹ bá sì ti dé, ẹ tú wáyà bátìrì. N kì í ta iná sórí kápẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni.