Omi Iyọ̀ Láfẹ̀mọ́júmọ́: Ìṣelámèyítọ́ Ìkéde Inú Ilé Lásìkò Ebola Ọdún 2014 àti Fíìmù 93 Days

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ àfọ̀ méjì wò tó jẹ mọ́ àrùn Ebola tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2014: ìkéde omi iyọ̀ tó gba orí fóònù wọlé àwọn ènìyàn ní òru ọjọ́ kan, àti fíìmù 93 Days tó sọ ìtàn àjàkálẹ̀ náà lẹ́yìn ọdún méjì. Ohun tí a ń wò ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe bá agboolé sọ̀rọ̀, tàbí bí ó ṣe fo agboolé dá. Èrò wa ni pé kì í ṣe àìmọ̀kan àwọn tó gba ìkéde náà gbọ́ ló sọ ọ́ di ewu. Òdiwọ̀n tí kò sí nínú rẹ̀ ni. Fíìmù náà sì ní èsì tó yẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbé e délé.

Ìfáàrà

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2014 tó mọ́, iná ti jó ní ilé ìdáná ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ń jí àwọn ọmọ tí oorun kò tíì dá lójú wọn. Fóònù ti ń dún láti òru: ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, ìyá pe ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọmọ ìjọ pe ọmọ ìjọ. Ohun tí wọ́n ń sọ kò gùn. Kí gbogbo ilé fi omi gbígbóná tí wọ́n bu iyọ̀ sí wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, kí Ebola má baà rí ọ̀nà wọlé.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan náà sì kéde pàjáwìrì nílé. Patrick Sawyer ti bá ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó láti Làìbéríà ní ogúnjọ́ oṣù keje, ó sì ti kú ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn First Consultants ní Obalende. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ẹni tí ibà bá kọlù lóru nígbà náà, inú ilé rẹ̀ ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ìyá ilé sì ni nọ́ọ̀sì. Bí a bá gbàgbé èyí, a ó kàn máa fi àwọn tó gbé omi kaná ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bí ọ̀pọ̀ àwàdà orí fóònù ṣe ṣe lọ́jọ́ kejì.

Yẹ̀yẹ́ náà kò pẹ́ tó fi korò. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní gbangba pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àpapọ̀ àwọn tí Ebola fúnra rẹ̀ pa ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ mẹ́jọ nínú ogún tó mú. Ẹ fi méjì wé mẹ́jọ.

Ìkéde omi iyọ̀ gẹ́gẹ́ bí àfọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ nípa òru yẹn ni pé àìmọ̀kan ló fà á. N kò gbà. Àwọn tó ní oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga wà lára àwọn tó wẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tó pe ẹlòmíràn. Bí àìmọ̀kan bá ni, a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè ìdí tí ìmọ̀ kò fi dúró lójú rẹ̀. Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe hun ìkéde náà.

Gbólóhùn àṣẹ ni gbogbo rẹ̀: wẹ̀, mu, pe àwọn ènìyàn rẹ. Kò sí àlàyé nínú rẹ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ronú. Ó dá àkókò: kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò bi léèrè yóò pẹ́ jù. Ohun èlò rẹ̀ kò sì jìnnà, nítorí kò sí ilé tí kò ní iyọ̀ àti omi. Ẹni tó mú un wá tún wá ju gbogbo ìyẹn lọ. Kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Ìyá ẹni ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni, pẹ̀lú ohùn tí àníyàn ti gbọ̀n. Ta ni yóò ní kí ìyá rẹ̀ mú ẹ̀rí wá ní aago mẹ́ta òru?

Ẹni tó bá gbọ́ èdè Yorùbá dáadáa yóò rí i pé fọ́ọ̀mù yìí kì í ṣe àjèjì. Ọ̀pọ̀ àgúnmu àti ọṣẹ ìwẹ̀ ní ilẹ̀ wa ló ní àkókò tirẹ̀: láfẹ̀mọ́júmọ́, kí ènìyàn tó kí ẹnikẹ́ni, kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Iyọ̀ fúnra rẹ̀ ní iyì láàárín wa. Ní ìsọmọlórúkọ, a máa ń fi í wúre kí ayé ọmọ lè dùn. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìkéde yìí síta ì báà ṣe ẹni tó ń dápàárá, orí ilẹ̀ tó ti rọ̀ ló gbin irúgbìn rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n níbi tó ti jọ ìlànà ìbílẹ̀ gan-an ni àbùkù rẹ̀ ti hàn. Babaláwo tàbí adáhunṣe tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ní kí ènìyàn kàn máa mu oògùn. Ó ń ní kí wọ́n bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ gbígbóná, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń béèrè bóyá obìnrin náà lóyún. Ó ń ní kí aláìsàn padà wá. Òdiwọ̀n wà, ẹni tí a ó padà lọ bá sì wà. Ìkéde omi iyọ̀ jí aṣọ ìlànà ìbílẹ̀ wọ̀, ó fi òdiwọ̀n sílẹ̀. Ó ní kí a bu iyọ̀ sí i. Kò sọ iye iyọ̀ náà. Bí ẹ̀rù bá sì ti ba ènìyàn, ìkúnwọ́ kan kò ní tó o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tẹ́lẹ̀ ni irú omi bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń bá jà.

Ọ̀rọ̀ orógbó, tí wọ́n ń wá kiri lọ́jà ní àsìkò kan náà, yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ó ní gbòǹgbò nínú ìwádìí. Ní ọdún 1999, ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ ohun tí wọ́n rí nípa orógbó àti kòkòrò Ebola nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò. Láti inú yàrá ìṣàyẹ̀wò dé inú ara ènìyàn jìnnà, kò sì sí ẹni tó rin ọ̀nà náà dópin. Àwọn tó ń jẹ orógbó ní 2014 kò mọ̀ pé ìdajì ìròyìn ni wọ́n gbọ́.

Ohun tí ìjọba sọ

Mínísítà ètò ìlera, Onyebuchi Chukwu, jáde láti sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ iyọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a má ṣe báyìí, tí kò sọ ohun tí a ó ṣe dípò rẹ̀, fi ọwọ́ òfìfo sílẹ̀ fún ìyá tó ti jí. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọkàn tó ń bẹ̀rù ń wá iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un nígbà náà kò bá ọ̀ràn mu dáadáa. Wọ́n ní kí a má jẹ ẹran ìgbẹ́, pàápàá àdán àti ọ̀bọ. Kò burú gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, nítorí ọ̀nà ẹranko ni àrùn náà máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ogún ènìyàn tí Ebola mú ní Nàìjíríà, kò sí ẹyọ kan tó kó o láti inú ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ èrò ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì àti àwọn omi ara mìíràn, lára ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Ohun tó yẹ kí agboolé gbọ́ ní àkọ́kọ́ le láti sọ: pé ìfẹ́ gan-an ni ọ̀nà tí àrùn yìí ń gbà wọlé, pé bí a ṣe ń nu èébì ọmọ, bí a ṣe ń wẹ òkú bàbá, níbẹ̀ ni ewu wà. Ó rọrùn láti bá ẹran ìgbẹ́ wí. Àwọn ìyá tó ń ta á lójú ọ̀nà ni wọ́n jẹ gbèsè rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ohun tí wọ́n ṣe dáadáa pamọ́. Wọ́n tọpa ènìyàn 894 tó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, tó bẹ́ẹ̀ tí àbẹ̀wò náà fi tó 18,500. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n kan ilẹ̀kùn bí 26,000 agboolé ní àdúgbò àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láti ṣàlàyé fún wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti jíròrò. Ẹni tó gbọ́ lè béèrè, wọ́n sì dá a lóhùn. Mo gbà pé òun ni èsì gidi sí ìkéde omi iyọ̀, ju ìwé àlẹ̀mógiri èyíkéyìí lọ.

Fíìmù 93 Days

Steve Gukas ló darí fíìmù yìí, ó sì jáde ní 2016. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún tó wà láàárín ìgbà tí Sawyer dé àti ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́, ni orúkọ rẹ̀ ń kà. Bimbo Akintola ló ṣe Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tó kọ̀ láti dá Sawyer sílẹ̀ láìka bí wọ́n ṣe fúngun mọ́ ọn sí, tí àrùn náà sì pa á ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Akintola kò pariwo akọni rárá. Ó ṣe Adadevoh bí obìnrin tó ti rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tó kàn mọ ohun tó tọ́, kò sì fẹ́ àríyànjiyàn púpọ̀. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yẹn ló gbé fíìmù náà ró.

Ẹ̀sùn mi ni pé ibi tí ìlú ti ń jà fún ara rẹ̀ kò hàn nínú rẹ̀ tó. Ilé ìwòsàn ni, ilé ìyàsọ́tọ̀ ní Yaba ni, ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ni. Bí a bá sì wọ ilé, ilé àwọn dókítà ni. Àwọn tó gbé omi kaná lóru, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kò ní ìtàn tiwọn níbẹ̀. Ìlú di èrò tí ẹ̀rù ń bà, akọni díẹ̀ sì gbà á là. Ẹnìkan lè sọ pé ìtàn First Consultants ni wọ́n fẹ́ sọ, pé fíìmù kan kò lè ru gbogbo ẹrù. Òótọ́ ni, gbèsè ọlá àwọn tó kú níbẹ̀ sì tó san. Ṣùgbọ́n fíìmù náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan ohun tó lè so ilé ìyàsọ́tọ̀ mọ́ ilé ìdáná, kò sì dúró síbẹ̀ tó.

Ohun náà ni ohun mímu ORS. Dókítà Ada Igonoh, tí Somkele Iyamah-Idhalama ṣe nínú fíìmù, kó àrùn náà, ó sì yè é. Nínú ìtàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe ń fipá gbé omi náà mì, ife lẹ́yìn ife, nígbà tí inú rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, wà lára ohun tó jẹ́ kó yè. Kí ni ORS bí kò ṣe omi, iyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú èròjà díẹ̀, ní òdiwọ̀n? Ní oṣù kan náà, ní orílẹ̀-èdè kan náà, omi iyọ̀ pa àwọn kan, omi iyọ̀ sì wà lára ohun tó gba àwọn mìíràn là. Olùdarí tó bá gbé ife Yaba sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi àfẹ̀mọ́júmọ́ ì bá ti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu dókítà mẹ́wàá kò lè sọ.

Inú kíláàsì

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ sún ìwọlé àwọn ilé ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó tún fà á wá sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ méjì, ó kéré tán, gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lórí bí a ṣe ń mójútó ẹni tí a bá fura sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kan ẹ̀rọ omi mọ́ nídìí dé ẹnu géètì, ọṣẹ dé, ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ọmọ dé. Ohun tí kò dé ni ẹ̀kọ́ bí ọmọ ṣe lè yẹ ọ̀rọ̀ tó bá a nínú ilé wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020 a rí àbájáde rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Donald Trump yin chloroquine fún àrùn Kòrónà, àwọn kan ní Èkó lò ó ní àlòjù títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré fún ibà, tí ara ń yún ènìyàn bó bá lò ó: ohun inú ilé ni lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsí òdiwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀rọ̀ kí a ra oúnjẹ pamọ́ nígbà kónílé-ó-gbélé kò tilẹ̀ yẹ kí n fà gùn. Ẹni tó ń ra gàrí ní kóńgò kan kóńgò kan, láti inú owó tó rí lóòjọ́, kí ni yóò fi pamọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ọ̀la ní èdè Yorùbá, a ní àkókò fún àyọkà àti àkàyé lórí tábìlì wa. A máa ń fi ìtàn ìjàpá kún un, kò sì burú. Ẹ jẹ́ kí a gbé àfọ̀ méjì ka iwájú wọn kí wọ́n tó lọ fún ìkọ́ni-fìdánrawò. Àkọ́kọ́ ni ìkéde omi iyọ̀. Èkejì ni ìlànà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìpotíì iyọ̀ ìdajì, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà, kí wọ́n gé ojú ṣíbí náà pẹrẹsẹ. Gbólóhùn àṣẹ ni méjèèjì. Ilé ìdáná ni méjèèjì wà. Kí wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ohun tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí àwọn lè pè láti béèrè kí wọ́n tó gbé omi kaná. Bí ààyè orúkọ yẹn bá ṣófo nínú ìwé ìdajì kíláàsì, ọ̀dọ̀ wa nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera wa, ni kí a ti kọ́kọ́ wá ẹni tí a ó kọ síbẹ̀.