Ọgbọ́n Ẹni Tó Ń Tú Àgádágodo

Iṣẹ́ kan wà nínú Linux, sọfitíwia tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí ojú kì í rí, àmọ́ tó yẹ ká yìn: títún àṣìṣe àgádágodo ṣe nínú kóòdù tó ń tọ́jú fáìlì. Kí iṣẹ́ méjì tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà má baà da àkọsílẹ̀ kan náà rú, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi àgádágodo tì í kó tó fọwọ́ kàn án. Wàhálà dé bí èkíní bá di àgádágodo A mú tó ń retí àgádágodo B, tí èkejì di B mú tó ń retí A. Wọ́n á dúró sójú kan bí àgbò méjì tó pàdé lórí afárá tóóró. Fáìlì ò ní ṣí mọ́.

Agbára kọ́ ló ń tú ìdè yìí, ètò ni: kí gbogbo iṣẹ́ máa ti nǹkan ní ìtẹ̀léra kan náà. Bí àpẹẹrẹ, bí a bá ń gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn, Linux máa ń ti fódà òbí ṣáájú ti ọmọ. Ní 2006, Ingo Molnar àti Arjan van de Ven, méjì lára àwọn tó ń kọ kóòdù Linux, gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ lockdep jáde, tó ń ṣọ́ irú ètò yìí, tó sì ń kìlọ̀ kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, irinṣẹ́ kì í ronú fúnni. Ẹni tó fara balẹ̀ ka kóòdù, tó sì fi ìlà díẹ̀ tún un ṣe, ọ̀gá ni.