Àgbéyẹ̀wò Àbá Conway lórí Títú Òǹkà
Òǹkà aláìpín ni èyí tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan lè pín láìṣẹ́kù. John Conway dábàá pé bí a bá tú òǹkà sí àwọn aláìpín inú rẹ̀, tí a tò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú agbára wọn, tí a sì ń tún un ṣe, orí aláìpín ni yóò gúnlẹ̀ sí. Lóòótọ́, 6 (2 × 3) di 23. 8 (2³) náà di 23. Àléébù àbá náà hàn níbẹ̀: ìkọsílẹ̀ ni ó ń tọ̀, kì í ṣe òǹkà gan-an. Ní 2017, James Davis rí 13532385396179, tí í ṣe 13 × 53² × 3853 × 96179: ara rẹ̀ ni ó padà dà. Kí olùkọ́ fi èyí kọ́gbọ́n: ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí, àtakò kan ṣoṣo tó láti bi àbá wó.