Ta Ló Tẹ Salvador Dó?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́, tó ń gbé ní Bàhíà báyìí, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ìlú Salvador pé ọdún 475 ní oṣù Kẹta 2024. Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, "Ẹ bá wa yọ̀, Prof. Ọjọ́ ìtẹ̀dó ìlú wa rèé." Mo bá a yọ̀ o. Àmọ́ ẹ mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè dá mi dúró níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń jẹun lọ. "Ìtẹ̀dó" yẹn ló dá mi dúró.

Ní 29 oṣù Kẹta 1549, Tomé de Sousa, gómìnà àgbà àkọ́kọ́ tí ọba Pọtogí rán sí Bràsíìlì, gúnlẹ̀ sí Barra pẹ̀lú ọmọ ogun, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn àlùfáà Jesuit. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ tí ọkọ̀ dé ni wọ́n sọ di ọjọ́ ìbí ìlú. Gómìnà ò tíì mọ ògiri kankan lọ́jọ́ náà. Ta ló wá pàdé rẹ̀ létí òkun? Diogo Álvares ni, Pọtogí kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ti rì síbẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tí àwọn Tupinambá sọ ní Caramuru. Ó ti di àna wọn nígbà náà. Ó fẹ́ Paraguaçu, ọmọ wọn, ó bímọ, ó ní abúlé. Lẹ́yìn tirẹ̀, Francisco Pereira Coutinho ti wá pàgọ́ sí Barra yìí kan náà ní 1536. Òun àti onílẹ̀ ò gbà fúnra wọn. Wọ́n lé e lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní 1547, ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sí erékùṣù Itaparica, wọ́n sì pa á. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olùtẹ̀dó yìí, àlejò tó pẹ́ dé ni.

Wọ́n á ní, "Prof, òun ló kọ́ odi, òun ló sọ ọ́ di olú-ìlú, ó sì jẹ́ olú-ìlú Bràsíìlì títí di 1763." Òótọ́ ni, n ò jiyàn. Ohun tí mò ń bá wọn fà ni pé nínú ìtàn tiwa, ẹnì kan kì í tẹ ìlú dó kí ìbéèrè kejì má tẹ̀lé e: ta ló bá níbẹ̀? Ẹ wo Èkó. Ìdílé tó ń jọba tan mọ́ Ìbíní, síbẹ̀ àwọn Ìdẹ́jọ, ọmọ Ọlọ́fin, àwọn onífìlà funfun, là ń pè ní onílẹ̀ títí dòní. Nígbà tí Òyìnbó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ní 6 oṣù Kẹjọ 1861, wọ́n rò pé ilẹ̀ bá ìwé àdéhùn lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá ló tú u wò. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ dé Privy Council ní London, wọ́n sì dá a láre ní 1921: ìyípadà ìjọba ò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ "onílẹ̀" yìí ni mo wá títí nínú ọdún ìtẹ̀dó Salvador.

Kì í sì ṣe Salvador nìkan. Ní 22 oṣù Kẹrin 2000, Bràsíìlì ṣe ọdún 500 tí Cabral gúnlẹ̀ sí etíkun Bàhíà. Porto Seguro ni wọ́n ti ṣe é. Ààrẹ Bràsíìlì wà níbẹ̀, ààrẹ Portugal náà wà níbẹ̀. Wọ́n kan ọkọ̀ tó jọ ti Cabral, ọkọ̀ ọ̀hún yọnu, kò débẹ̀. (Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà ni ò ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ onílẹ̀ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà kóra jọ sí Coroa Vermelha, wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Porto Seguro. Ọlọ́pàá yin gáàsì tajútajú sí wọn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí àtìmọ́lé. Ọ̀gá àjọ FUNAI, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ bàálé síta.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ mọ ohun tí gómìnà ò mọ̀. Nínú kàńdómbùlé, wọ́n ń bọ caboclo, ẹ̀mí àwọn tó ni ilẹ̀ Bràsíìlì. "Onílẹ̀" gan-an ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ilé tó tan mọ́ Àǹgólà ló gbé e lárugẹ jù, àwọn ilé Nàgó tiwa fà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí náà n ò ní gba ògo yẹn fún Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́ṣẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀kẹ̀ mú wá sí ilẹ̀ onílẹ̀, tó tún béèrè pé ta ni mo máa kí, ẹ bá mi wò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọdún tí Salvador ní gan-an ni 2 oṣù Keje. Ọjọ́ yẹn ní 1823 ni wọ́n lé ọmọ ogun Pọtogí kúrò nílùú. Láti Lapinha ni wọ́n ti ń wọ́ ère Caboclo àti Cabocla lórí ọkọ̀ onígi lọ sí Campo Grande, tọmọdé tàgbà á sì máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé pélébé, wọ́n á fi í sí ẹsẹ̀ Caboclo.

Kò yẹ kó parí sórí ère ṣá. Ní 2024 yẹn kan náà, aṣọ ìyẹ́ ẹyẹ pupa ti Tupinambá kan, tó ti wà ní Copenhagen láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, padà dé Rio de Janeiro. Àwọn Tupinambá ti Olivença, ní gúúsù Bàhíà, rìnrìn-àjò lọ kí i. Bí wọ́n ṣe ń kí aṣọ náà ni wọ́n ṣì ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn. Ẹni tí ìwé ti kà mọ́ òkú ni wọ́n o.

Ní 2049, Salvador á pé 500. Èmi ò ní sí níbẹ̀, ẹ̀yin lè wà níbẹ̀. Mo ti dá ọmọ mi tó fi àwòrán ránṣẹ́ lóhùn pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó lọ sí Lapinha ní 2 oṣù Keje, kó ya èyí tí ìwé pélébé bo ẹsẹ̀ Caboclo, kó fi ìyẹn ránṣẹ́.