Mary Jackson: Agbọ̀n Tí A Rán, Tí A Kò Hun

Bí a bá ti dárúkọ agbọ̀n, "hun" ni ó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́nu wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lóye iṣẹ́ Mary Jackson, alágbọ̀n ará Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí rírán ni obìnrin yìí ń rán agbọ̀n tirẹ̀. Á di koríko pọ̀ bí okùn, á ká a bí ejò ṣe ń ká, á sì máa fi ewé ọ̀pẹ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ rán ìlà tuntun mọ́ èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Ohun tí àwọn alágbọ̀n ìlú rẹ̀ fi ń la ojú ihò fún ewé náà kò ju ìdí ṣíbí lọ: wọ́n á gé orí ṣíbí dànù, wọ́n á fi fáìlì rẹ́ ìyókù títí yóò fi rí pẹlẹbẹ. Síbẹ̀, "egungun" ni wọ́n ń pè é, nítorí egungun ìhà màlúù ni àwọn àgbà wọn ń lò.

Ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Mount Pleasant, lẹ́bàá Charleston ní South Carolina, láàárín àwọn Gullah tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà fi koríko lé e lọ́wọ́. Ó dàgbà tán, ó lọ sí New York, ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Ní 1972 ó padà sí Charleston. Ikọ́ fée (asthma) ń yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ kí ó lè tọ́jú rẹ̀ nílé, ibẹ̀ ni agbọ̀n sì ti di iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Oko ìrẹsì ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Láyé ẹrú, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń fi koríko irà tí ó le rán àtẹ ńláńlá tí wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì. Nígbà tí ó yá, àwọn obìnrin gbà á ṣe, wọ́n ń lo koríko rírọ̀ tí òórùn rẹ̀ dùn, tí wọ́n ń pè ní sweetgrass. Láti nǹkan bí 1930 ni ìsọ̀ wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Highway 17. Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa wá ara wa nínú ohun gbogbo tí ó bá la òkun kọjá. Lóòótọ́, onímọ̀ èdè Lorenzo Dow Turner rí orúkọ Yorùbá láàárín àwọn Gullah, ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé rẹ̀ ti 1949. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Senegal títí dé Sierra Leone, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ni a ti lè wá ìbátan agbọ̀n yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun olóhun sílẹ̀ fún un.

Ẹ wo Low Basket with Handle, èyí tí ó ṣe ní 1999, tí ó wà ní ilé ọnà Smithsonian. Agbọ̀n pẹrẹsẹ ni. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ojú ń bá lọ: ó gbéra, ó tẹ̀ kọdọrọ, ó ju ohun tí ènìyàn nílò láti fi gbé agbọ̀n lọ. Àwọn kan ń yìn ín pé ó ti kúrò nínú iṣẹ́ ọwọ́, ó ti bọ́ sínú ọnà. N kò gbà. Èdè wa kò tilẹ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀; ọlọ́nà ni agbẹ́gilére, ọlọ́nà sì ni onígbá fínfín. Ọwọ́ agbọ̀n yẹn, ìlà kan náà tí ìyá rẹ̀ àgbà ń rán ni. Ohun tí Jackson ṣe ni pé kò dá a dúró níbi tí ìlò ti parí. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sí àwọ̀ tí a rẹ sí i. Ewé páìnì tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú láàárín koríko tí ó mọ́ ni àrà. Bí ìlà kan bá tẹ̀ síta díẹ̀, gbogbo èyí tí ó gùn ún ni yóò tẹ̀ lé e, kò sì sí ibi tí a lè fi àṣìṣe pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìfaradà rẹ̀ mọ́ ẹwà iṣẹ́ náà.

Ó gba ẹ̀bùn MacArthur ní 2008, 500,000 dọ́là. Ní 2010, ó gba oyè National Heritage Fellowship. Ìpínlẹ̀ South Carolina ti kéde agbọ̀n náà ní iṣẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ ní 2006. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí ni koríko. Etí òkun ni ó ń hù, etí òkun náà sì ni àwọn olówó ń kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí. Jackson wà lára àwọn tí wọ́n ń jà fún un nínú ẹgbẹ́ àwọn alágbọ̀n Mount Pleasant, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Àwọn alágbọ̀n mìíràn ń wa ọkọ̀ dé Georgia àti Florida nítorí koríko tí àwọn ìyá wọn ń rìn lọ fà.

A kì í fi ọ̀bẹ gé e. Wọ́n á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á rọra fà á, koríko á yọ bí idà nínú àkọ̀, gbòǹgbò á sì dúró sílẹ̀ kí ó lè tún hù. Gbòǹgbò náà ló ti wà lẹ́yìn géètì báyìí.